Ìwé mẹ́fà tí mo pa tì lágbedeméjì: ṣé kí n padà sí wọn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìwé mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi báyìí tí mo kà dé àárín tí mo pa tì. Wọn ò jọra rárá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà níbẹ̀, ìtàn abanilẹ́rù wà níbẹ̀, ìwé sáyẹ́ǹsì kan, ìtàn ìgbésí ayé kan, àti méjì tí wọ́n ní kò sí òǹkàwé gidi tí kò gbọ́dọ̀ kà wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ohun tó ń ṣe mí ni pé mò ń fò káàkiri, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwé á mú oríṣi kan ṣoṣo, á sì kà á jinlẹ̀. Ẹ̀yin náà sì rèé, oríṣiríṣi lẹ ń kà. Ṣé kí n padà lọ parí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ èyí tó dáa nínú ìwé tí wọn ò bára wọn tan?

* * *

Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ná. Ìwé tí o kò parí kì í ṣe gbèsè.

Èrò méjì ni mo sábà máa ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ohun téèyàn bá ti dáwọ́ lé, kó parí rẹ̀, pé ìwé tó le ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn kejì ní ayé kò gùn tó bẹ́ẹ̀: ka àádọ́ta ojú-ewé, bí kò bá dùn, gbé e sílẹ̀. Mo ti bá àwọn àkọ́kọ́ rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti bá àwọn kejì náà rìn. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan mọ́. Àwọn àkọ́kọ́ ń sọ ìwé di ìyà tí a fi ń jẹ ara wa. Àwọn kejì ń fẹ́ kí gbogbo ìwé dùn bákan náà, kí wọ́n sì tètè dùn.

Ohun tí mo gbà gbọ́ báyìí ni pé gbogbo ìwé ló ń ṣèlérí kan fún ẹni tó ṣí i, kò sì sí méjì tí ìlérí wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan dáa, ìlérí tirẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ó bá da ìlérí yẹn, mo lè pa á dé níbikíbi tí mo bá dé, ọkàn mi ò sì ní dá mi lẹ́bi.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ rèé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé Crime and Punishment ti Dostoyevsky, tó jáde ní 1866, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́rin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tẹ̀lé ara wọn. Mo gbọ́ pé ìpànìyàn wà nínú èyí náà, inú mi sì dùn. Apá mẹ́fà ni ìwé yẹn ní, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kí apá kìíní tó tán, Raskolnikov, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, ti fi àáké pa ìyá arúgbó tó ń gba ohun ìdógò yáni lówó, ó sì ti pa àbúrò obìnrin náà mọ́ ọn. Mo ti mọ ẹni tó pa wọ́n, mo mọ ohun tó fi pa wọ́n, mo mọ bó ṣe sá jáde. Mo ní, kí ló wá kù tí mo fẹ́ kà? Mo tún ṣí ojú-ewé díẹ̀ sí i, ó sú mi, mo gbé e jù sẹ́yìn àwọn yòókù.

Ó tó ọdún mẹ́rin kí n tó tún fọwọ́ kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò wá apànìyàn. Mo wá rí i pé òǹkọ̀wé náà ti sọ ohun tó ń gbé bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé tó ń gbé dé ilé arúgbó náà, 730 gẹ́lẹ́ ni. Ó fa ẹ̀wù ògbólógbòó kan ya, ó rán akísà rẹ̀ bí ìkọ́ sínú ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, lábẹ́ abíyá òsì, kí àáké lè máa rọ̀ níbẹ̀ láìhàn síta. Ó ṣe gbogbo èyí, síbẹ̀ kò tíì gbà pẹ̀lú ara rẹ̀ pé òun máa ṣe é lóòótọ́. Ìlérí ìwé náà nìyẹn: inú orí ẹni yìí ni a ó jọ wà, o kò sì ní jáde níbẹ̀ kí òun tó jáde. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn àlejò ń kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìpànìyàn náà, tí òun dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tòun ti àáké, tó ń wo bí ìkọ́ ilẹ̀kùn ṣe ń mì nínú ihò rẹ̀, mo rí i pé èmi náà kò mí.

Ìwé kan náà ni. Nígbà àkọ́kọ́, ohun tí kò sọ pé òun ní ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

* * *

Ẹnìkan ti dá sí i pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹlẹ̀ sí irú ìwé yẹn, pé téèyàn bá ti mọ ọ̀daràn, ó tán nìyẹn, ẹ ò lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò gbà. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó gbọ́n jù mí lọ, mi ò sì gbà á lọ́wọ́ tiwọn náà. Ẹ mú The Murder of Roger Ackroyd, tí Agatha Christie gbé jáde ní 1926. Nígbà tí ìwé yẹn jáde, àwọn òǹkàwé kan bínú, wọ́n ní ó rẹ́ àwọn jẹ. Alẹ́ méjì ni mo fi kà á, inú bí èmi náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú pẹ́ńsùlù, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo ní gbogbo ibi tó bá ti parọ́ fún mi ni màá sàmì sí.

Mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tí mo rí ni àwọn gbólóhùn tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, tí èmi sáré kọjá lórí wọn torí pé mò ń lé ẹni tó ṣe é. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí kò tíì kà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó lójú méjì, kí ojú méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ogún irú rẹ̀ sínú ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni má fura. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni. Kíkà kejì yẹn dùn mọ́ mi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ní oṣù December ọdún kan náà, Christie fúnra rẹ̀ pòórá fún ọjọ́ 11, wọ́n wá a káàkiri, hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú Harrogate ni wọ́n ti rí i, orúkọ ẹlòmíràn ló fi gba yàrá. Àwọn kan fẹ́ràn ìtàn yìí ju ìwé rẹ̀ lọ, wọ́n sì máa ń fi túmọ̀ ìwé náà. Kò tọ́. Ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé kí ó tó pòórá. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó yẹ ká sọ nìyẹn.

Èyí kò sọ pé gbogbo ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló dáa o. Mo pa ọ̀kan tì láìpẹ́ yìí nígbà tó ku ogójì ojú-ewé péré. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan kan nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sápò, òǹkọ̀wé kò sì sọ ohun tó mú fún wa. Irú ìwé yìí ṣèlérí pé èmi àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ á jọ rí ohun kan náà, pé òye rẹ̀ nìkan ló máa ju tèmi. Nígbà tó ti ń fi ẹ̀rí pamọ́ fún mi, kí ni mo tún ń wá níbẹ̀? Àwọn tó ń sọ pé àádọ́ta ojú-ewé ni òpin, ẹ wò ó, ìwé lè dalẹ̀ ní ojú-ewé igba.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ ìparí ìwé fún ẹlòmíràn. Mo rí i pé ẹ ti ń bá ara yín jà lórí rẹ̀. Apá kan ní ìwà ìkà ni, apá kejì ní ìwé tó bá jẹ́ pé ìparí rẹ̀ nìkan ló ní, kò ní nǹkan kan.

Ìlérí náà ni kí a tún wò. Ẹni tó sọ ìparí Roger Ackroyd fún ẹni tí kò tíì kà á ti ja ẹni yẹn lólè, nítorí kíkà àkọ́kọ́ kò ṣeé san padà. Ṣùgbọ́n Tolstoy fúnra rẹ̀ ló sọ tirẹ̀. The Death of Ivan Ilyich, 1886: ikú ọkùnrin náà wà nínú àkọlé. Ní orí kìíní, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ adájọ́ kà á nínú ìwé ìròyìn pé ó ti kú, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni ta ló máa bọ́ sí ipò rẹ̀. Ọmọ ọdún 45 ni. Kò sí ohun kan tó pamọ́. Ohun tó fa àìsàn rẹ̀ kò ju pé ó gun àkàsọ̀ láti júwe bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ojú fèrèsé kọ́, ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́, ó fi ìhà gbá férémù fèrèsé. Ó tilẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn ará ilé.

Ìwé kékeré ni. Àsìkò tí ẹnìkan nínú ẹbí wa wà lórí àìsàn tí kò ní gbé e dìde mọ́ ni mo kà á. Nínú ìtàn yẹn, ìyàwó ń díbọ́n, dókítà ń díbọ́n, wọ́n ń sọ pé ara á yá. Gerasim nìkan, ọmọkùnrin ará oko tó ń ṣiṣẹ́ nílé wọn, ni kì í purọ́. Ó máa ń jókòó, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀ fún wákàtí gígùn, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń tù ú. Mo pa ìwé náà dé. Mo ronú sí iye ìgbà tí mo ti wọ yàrá yẹn tí mo ní "ara yín á yá" nígbà tí kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó gbà á gbọ́, àti aláìsàn fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mi ò sọ ọ́. Mo gbé ẹsẹ̀ wọn sórí ìrọ̀rí, mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe wọn, ohun tí wọn ò ṣe látọjọ́ tí àìsàn ti dé.

Kí ni ẹnikẹ́ni ì bá ti bà jẹ́ fún mi tó bá ti sọ ìparí ìwé yẹn fún mi tẹ́lẹ̀?

* * *

"Mo ti wo fíìmù rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ kà?" Ìbéèrè yìí ló tẹ̀lé e, orí ìwé abanilẹ́rù ni wọ́n sì ti máa ń sọ ọ́ jù. Frankenstein ni màá fi dáhùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé Frankenstein lorúkọ ẹ̀dá abàmì náà. Orúkọ ẹni tó dá a ni, Victor Frankenstein, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ẹ̀dá yẹn kò lórúkọ rárá, nítorí pé alẹ́ ọjọ́ tó la ojú gan-an ni ẹni tó dá a sá fún un. Fíìmù tó jáde ní 1931 sọ ọ́ di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tó kàn ń kùn. Nínú ìwé, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, ó ń ka ewì Paradise Lost ti Milton, ó sì ń rojọ́ tó le débi pé mo gba ti ẹni tó ń rò ó ju ti ẹni tí wọ́n ń rò ó mọ́ lọ.

Ibì kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ẹ̀dá yìí fara pamọ́ sínú ahéré kékeré tó lẹ̀ mọ́ ilé àwọn tálákà kan, ó ń gba inú àlàfo pákó wò wọ́n. Lóru, ó máa ń jí nínú oúnjẹ wọn. Nígbà tó wá rí i pé ebi ń pa wọ́n, ó dáwọ́ olè náà dúró, ó ń jẹ èso àti gbòǹgbò inú igbó, ó wá ń mú irinṣẹ́ ọmọkùnrin ilé náà lóru láti lọ ṣẹ́ igi ìdáná wá fún wọn. Ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bá igi jọ gègèrè lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu á yà wọ́n. Òun á wà nínú ihò rẹ̀, inú rẹ̀ á máa dùn. Ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ òun àti ìdílé yẹn ṣe parí á mọ ìdí tí mo fi ní ìwé yìí bani nínú jẹ́ ju bó ṣe ń bani lẹ́rù lọ.

Ọmọ ọdún 18 ni Mary Shelley nígbà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1816, létí adágún Geneva. Òkè Tambora ní Indonéṣíà ti bú gbàmù ní 1815, ojú ọjọ́ dàrú ní Yúróòpù lọ́dún kejì, òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde, Byron, akéwì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, sì ní kí kálukú kọ ìtàn iwin kan. Òjò yẹn wọ inú ìwé: òjò ló ń rọ̀ lára fèrèsé lálẹ́ tí ẹ̀dá náà mí. Nígbà tí ìwé jáde ní 1818, orúkọ obìnrin náà kò sí lára rẹ̀.

Dracula ti Bram Stoker, 1897, kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi. Orí mẹ́rin àkọ́kọ́ dára gan-an. Jonathan Harker, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó wọ̀ sí ààfin Dracula, so dígí kékeré mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń fá irùngbọ̀n, ọwọ́ ẹnìkan bà lé e léjìká, kò sì rí ẹnikẹ́ni nínú dígí. Lẹ́yìn náà ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí onílé rẹ̀ tó ń rá lára ògiri lọ sísàlẹ̀, orí níwájú, bí alángbá. Mo jókòó dáadáa nígbà tí mo kà á débẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìtàn ti kúrò ní ààfin yẹn, Dracula fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, àwọn ọkùnrin ń ṣèpàdé, wọ́n ń yin ara wọn, ìwé ìrántí ń bọ́ sórí lẹ́tà, lẹ́tà ń bọ́ sórí tẹligíráàmù. Mo parí orí 27 náà, ṣùgbọ́n tipátipá ni.

Ẹnìkan ta kò mí gidigidi lórí èyí. Ó ní àìrí rẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rù, pé bí wọ́n ṣe ń kó ìwé jọ ni bí àwa náà ṣe ń lépa rẹ̀. Mo padà lọ wò ó. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ibi tí Lucy, ọ̀dọ́mọbìnrin tí Dracula ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti kú. Lẹ́yìn ibẹ̀, mi ò gbà.

* * *

Kúkúrú lórí ìwé àfetígbọ́, nítorí ẹni mẹ́ta ló béèrè bóyá kíkà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, kíkà ni. Etí gba ìtàn dáadáa, ó tilẹ̀ ń fi ohùn tí ojú máa ń fò hàn wá. Ibi tí etí ti ń kùnà ni ìwé tí ìrònú rẹ̀ gùn, tó ń fi ẹ̀rí lé ẹ̀rí. Mo gbọ́ orí kìíní ìwé Darwin, On the Origin of Species, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ilé, ohun tí mo mú níbẹ̀ kò ju ẹyẹlé, ẹyẹlé. Nígbà tí mo jókòó kà á ni mo mọ ohun tí ẹyẹlé ń ṣe níbẹ̀. Darwin sin ẹyẹlé fúnra rẹ̀, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́yẹlé méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyẹlé tó ń takìtì lójú òfuurufú, ẹyẹlé tó ń fẹ ìrù bí abẹ̀bẹ̀, ó fi hàn pé láti ara irú ẹyẹlé kan náà ni ọwọ́ ènìyàn ti ṣa gbogbo wọn jáde, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá gba ti ẹyẹlé ò ní gba ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, pé àwọn ẹ̀dá ń yí padà bẹ́ẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan kọ̀wé pé òun pa ìwé ìrántí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó fara pamọ́ fún àwọn Násì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tì nígbà tí òun gbọ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ tún un kọ. Ó ní, tí wọ́n bá ti ń tún un ṣe, kí ló kù níbẹ̀ tó jẹ́ òótọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ 12 oṣù June 1942, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 13, ni wọ́n fún un ní ìwé náà. Ní July, ìdílé rẹ̀ lọ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ilé tí bàbá rẹ̀ fi ṣe ọ́fíìsì ní Amsterdam. Ní March 1944, wọ́n gbọ́ lórí rédíò láti Lọ́ńdọ̀nù pé mínísítà ilẹ̀ Netherlands kan ní kí àwọn aráàlú pa ìwé ìrántí àti lẹ́tà wọn mọ́, kí a lè tẹ̀ wọ́n jáde lẹ́yìn ogun. Ọmọ ọdún 14 yìí wá mú bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìwé tirẹ̀ kọ: ó gé èyí, ó fẹ èyí lójú, ó yí orúkọ padà, ó ti yan àkọlé. Ohun tó kọ kẹ́yìn jẹ́ ti ọjọ́ 1 oṣù August. Lọ́jọ́ 4, wọ́n wá kó wọn. Ó kú ní Bergen-Belsen, àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì, ní 1945. Nínú àwọn mẹ́jọ tó fara pamọ́, bàbá rẹ̀ nìkan ló padà wá, òun ló gbé ìwé náà jáde ní 1947.

Ẹni tó ń tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe kò purọ́. Ó ń wá bí ẹlòmíràn ṣe máa lóye rẹ̀. Mo tún ka ìwé náà lẹ́yìn tí mo mọ èyí, mo sì rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀: ọmọdé kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ láìsí olùkọ́, nínú yàrá tí kò gbọ́dọ̀ ti pariwo lọ́sàn-án.

Bákan náà, Frederick Douglass, tó ti ṣe ẹrú rí ní Amẹ́ríkà, kọ ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 1845, 1855 àti 1881. Nínú ti àkọ́kọ́, ó kọ̀ láti sọ bó ṣe bọ́ lóko ẹrú, nítorí kí ọ̀nà yẹn má bàa dí mọ́ àwọn tó ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí oko ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀ ló tó sọ ọ́. Ohun tó fi sílẹ̀ láìsọ yẹn wà lára òótọ́ inú ìwé rẹ̀.

* * *

Ṣé ẹni tó ka Tolstoy ní Gẹ̀ẹ́sì ka Tolstoy? Ẹ̀yin tó ń jiyàn lórí èyí, àwa ọmọ Yorùbá ní ohun tí a lè fi dán an wò. Mo gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, tó jáde ní 1938, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, The Forest of a Thousand Daemons, mo ń ka ojú-ewé kan níhìn-ín, ojú-ewé kan lọ́hùn-ún. Láti orí àkọlé ni wọ́n ti yàtọ̀. Fágúnwà kò sọ pé ẹgbẹ̀rún, Ṣóyínká ló sọ ọ́. Kò tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Níbi tí Fágúnwà bá ti ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń dùn ún kà, Ṣóyínká wá Gẹ̀ẹ́sì tó lè jó sí ìlù yẹn, nígbà mìíràn ó rí i, nígbà mìíràn ó kàn sún mọ́ ọn. Mo pàdánù nǹkan, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n Àkàrà-ògùn ṣì wọ igbó, mo sì bá a wọ̀ ọ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti fọkàn balẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀: mo mọ ohun tí mi ò rí, mo sì mọ ohun tí mo rí.

Ìmọ̀ràn kan fún àwọn tí orúkọ àwọn ará Rọ́ṣíà ń dà lọ́kàn rú. Orúkọ àárín yẹn, ti bàbá ni. Rodion Romanovich ni Rodion ọmọ Roman, òun náà ni ìyá rẹ̀ ń pè ní Rodya, òun náà ni Raskolnikov. Mo máa ń ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́, màá kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan àti ìnagijẹ rẹ̀ sí i, òun náà ni màá fi sàmì ibi tí mo kà dé. Ní ojú-ewé ọgọ́rùn-ún, mi ò nílò rẹ̀ mọ́.

* * *

Àbúrò, mo rí èsì tí o fi ránṣẹ́, tí o ti dárúkọ ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí o sì sọ bí o ṣe pa wọ́n tì, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ṣì wà lọ́kàn rẹ. Sọ èyí fún un. Àṣà kí n máa padà lọ wá ẹ̀rí, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló kọ́ mi. Nígbà tí mo dé orí kẹfà ìwé Darwin, tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo ohun tó lè bi èrò rẹ̀ wó síta, tó ní ẹ wò ó, ibi tó ti le fún mi rèé, mo mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó, nítorí mo ti ka àwọn tó ń fi ẹ̀rí pamọ́. Tí ó bá jẹ́ ìwé sáyẹ́ǹsì nìkan ni mo ń kà, mi ò ní rí i bẹ́ẹ̀. Kíkà oríṣi kan jinlẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka oríṣi kan ṣoṣo á máa bi gbogbo ìwé ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ní ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, má parí gbogbo wọn. Mú bébà, kọ orúkọ wọn, kí o sì kọ gbólóhùn kan sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tí mò ń retí, àti ibi tí mo ti dúró. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí o ti yọjú wo ìparí rẹ̀ yẹn, fún ẹlòmíràn, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Abanilẹ́rù tí o ní ẹ̀rù rẹ̀ kò bà ọ́ rárá, gbé e sílẹ̀. Ìwé sáyẹ́ǹsì tí o gbọ́ lórí fóònù, jókòó kà á lójú bébà kí o tó dá a lẹ́jọ́. Ìtàn ìgbésí ayé tí o sọ pé o kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, o ti dáhùn ara rẹ. Èyí tó jẹ́ ti Dostoyevsky, o mọ ohun tí màá sọ.

Ó wá ku Moby-Dick. O ní o dúró ní orí 32. Ibẹ̀ náà ni mo dúró, lẹ́ẹ̀mejì. Orí 135 ni Melville kọ sínú ìwé yẹn ní 1851, ní orí 32 sì ni ọkọ̀ àti ìrìn-àjò dúró, tí Ishmael, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹja àbùùbùtán sí ìsọ̀rí, tó sì ń fi ìwọ̀n ìwé pè wọ́n, àwọn ńlá bí ìwé fẹ̀ǹfẹ̀, àwọn kékeré bí ìwé àtẹ́lẹwọ́. Mo ka gbogbo ìpín yẹn. Mo mọ̀ pé ìlérí kan wà níbẹ̀ tí mi ò tíì gbọ́, nítorí kò sí òǹkọ̀wé tó máa fi ìwé wọn ẹja láìnídìí. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mi ṣì wà lójú-ewé yẹn. Mo fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní lóṣù tó ń bọ̀. Bí o bá fẹ́, ká jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ kọjá orí 32, kó wá sọ ohun tó rí fún èkejì.